Ta Ló Ń Ṣàìsàn Nínú Fíríìjì?

Ọ̀làjú ti dé bá omi mímu o! Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo wọ ilé ọmọ àbúrò mi ní Àkóbọ̀, n'Ìbàdàn, tòógùn-tòógùn. Ìyàwó wa, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó pọ́ńbélé, ká ọwọ́ méjèèjì síkùn bí òṣìṣẹ́ inú bàálù, ó ní: "Would you care for something to drink, sir?"

Ó dùn létí, n ò ní parọ́. Àmọ́ aláìsàn ni mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe "kéà" fún. Àánú omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí. Ṣé ibà ló dá a dùbúlẹ̀ sínú fíríìjì ni? Ṣé kí n gbé e lé itan, kí n da aṣọ bò ó, kí n fi ṣíbí bu àgbo sí i lẹ́nu? Tílẹ̀ bá ṣú ńkọ́, ta ni yóò bá mi sùn tì í?

Mo ṣe bí ọmọlúàbí, mo ní, "Má wulẹ̀ ṣèyọnu, ìyàwó wa." Gbogbo yín lẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìyàwó wa ò mọ̀ ọ́n. "No worries, sir!" Ló bá yí padà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Peckham, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo rò ó fún un. Ó ní "Tea?" péré làwọn Òyìnbó ibi iṣẹ́ òun ń wí, wọ́n á sì ti gbé kẹ́tùlù kaná. Ẹ ò rí i? Ẹ̀wù tí onílé tì mọ́ àpótí lẹ wọ̀ wọ ilé ìdáná! Aláṣejù gbogbo! Ẹgba mẹ́fà ni mo jẹ nílé ìwé nítorí mo fi Yorùbá sọ pé òùngbẹ ń gbẹ mí. Mo tún wá dàgbà tán, Gẹ̀ẹ́sì tún ń fi òùngbẹ jẹ mí níyà nínú ilé ẹbí mi!

Ìyá mi àgbà kì í bi àlejò ní ìbéèrè. Kóo tó jókòó, ó ti bu omi nínú àmù, ahá ti wà lọ́wọ́ rẹ: "Ẹ kú ìrìn o. Omi rèé." Bí kò bá wù ọ́ mu, o fi kan ètè, o dúpẹ́. Kò sẹ́ni tí ojú ń tì.

Wákàtí kan àtààbọ̀ ni mo fi gbé itọ́ mì ní Àkóbọ̀. Ní oríta, ọmọdébìnrin kan tó gbé piọ́ wọ́tà lérí sáré bá mi, ó kúnlẹ̀: "Bàbá, ó tutù, ẹ gbà." Méjì ni mo rà.