Àtúnṣe: Ẹ má ki áyọ́ọ̀nù fóòtì 110 bọ iná 220

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp ní Kétu níbí pé áyọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà, oní fóòtì (agbára tó ń ti iná) 110, kò léwu lára iná wa tó jẹ́ 220, pé ìdajì iná ni yóò máa fà. Irọ́ ni, ó sì lè jólé.

Ẹ ka nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára áyọ́ọ̀nù náà: fóòtì 110, áḿpù (ìwọ̀n iná tó ń ṣàn) 10. Ẹ fi 10 pín 110. Ìdènà wáyà inú rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń dá iná tó ń ṣàn dúró, jẹ́ óòmù 11. Wáyà ọ̀hún ò mọ̀ pé òun ti dé Kétu; óòmù 11 náà ló ṣì jẹ́. Ẹ wá fi 11 pín 220: áḿpù 20! Fóòtì 220 lọ́nà áḿpù 20 jẹ́ wáàtì (ìwọ̀n iná tó ń sọ di ooru) 4,400, dípò 1,100.

Ṣájà fóònù tí wọ́n kọ 100–240 sí lára yàtọ̀. Ó ń mú ara rẹ̀ bá iná 110 tàbí 220 mu. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ka nọ́ńbà ara ohun tí ẹ fẹ́ kì bọ iná.