Tí ẹ bá ní ká lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, ẹ gba èsì ẹ̀ gbọ́

Ẹ gbé ara gbígbóná lọ sí ọ̀pọ̀ ọsibítù wa lónìí, wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ibà, ẹ máa sanwó, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, èsì á jáde pé kò sí kòkòrò ibà kankan, síbẹ̀ náà dókítà á ṣì kọ oògùn ibà fún yín. Tẹ́ ẹ bá bi í, á ní ó ti pẹ́ tóun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òun mọ ibà tóun bá rí i. Àwa ò fara mọ́ ọn rárá, ó yẹ kó dópin.

Látọdún 2010 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti sọ pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó lo oògùn ibà fún ẹnikẹ́ni, àtọmọdé àtàgbà, Nàìjíríà náà sì ti gbà á. RDT, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì ibà kíákíá tí wọ́n ń gún ìka ṣe yẹn, ò nílò iná, kò nílò maikirosíkóòpù, kò sì tó wákàtí kan tí èsì fi ń jáde.

A mọ̀ pé àwọn dókítà nídìí tiwọn o. Ọ̀pọ̀ wọn kọ́ṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń ka gbogbo ara gbígbóná sí ibà, èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, jápa ti kó àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, àwa aláìsàn náà sì ń fúngun mọ́ wọn, torí tí dókítà bá ní a ò ní ibà, kẹ́mísì la máa gbà lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fún lóògùn ibà nígbà tí kì í ṣe ibà ló ń ṣe é, àìsàn tó ń ṣe é gan-an ṣì wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ nimóníà lára ọmọ ọdún méjì. Lágbègbè Ọ̀wọ̀ ní Ondo, ó lè jẹ́ Lassa, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ibà lásán, tó sì ti pa dókítà àti nọ́ọ̀sì fúnra wọn ní Nàìjíríà.

Ti taifọ́ọ̀dù tún wá burú jùyẹn lọ. Tẹ́ẹ̀sì Widal tí gbogbo lábù ń ṣe, ọdún 1896 ló ti wà, níbi tí taifọ́ọ̀dù sì ti wọ́pọ̀ bíi tiwa, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá ṣe é ò lè sọ bóyá àìsàn náà wà lára yín báyìí tàbí ó ti kọjá lọ. Òun náà ni wọ́n fi ń kọ antibáyótíìkì fún gbogbo ìlú. Tí wọ́n bá ń lò ó nílòkulò bẹ́ẹ̀, ó máa ń dé ibi tí oògùn náà ò ní ran kòkòrò mọ́. Lọ́dún 2019 nìkan, kòkòrò tí oògùn ò ràn mọ́ pa èèyàn tó 1.27 mílíọ̀nù lágbàáyé, apá Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wa yìí ló sì burú sí jù.

Ẹni tó bá ní àwọn òṣìṣẹ́ wa ò lè yí padà, kó wo ìwádìí E-MOTIVE. Tẹ́lẹ̀, ojú ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ojú sì máa ń tanni. Ọsibítù 80 ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa ló wà nínú ìwádìí náà, bí ìdajì wọn ń ṣe é bíi ti tẹ́lẹ̀, ìdajì yòókù fi ọ̀rá tó ní àmì ìwọ̀n gbà á, tó bá ti dé àmì, wọ́n á ṣe gbogbo ìtọ́jú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èsì tó jáde lọ́dún 2023 ní ẹ̀jẹ̀ dídà tó burú fi bí ìdá 60 nínú 100 dín kù lọ́dọ̀ àwọn tó lo ọ̀rá náà. Àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí wa wà lára àwọn tó ṣe é!

Nítorí náà, kí ìjọba ìpínlẹ̀ má jẹ́ kí RDT tán láwọn hẹ́lítì sẹ́ńtà. Kí àwọn ọ̀gá dókítà gbà kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kékeré bi wọ́n pé, "Sà, èsì ní kò sí ibà, kí la fẹ́ fi oògùn yìí ṣe?" láìjẹ́ pé wọ́n jágbe mọ́ ọn. Lóṣooṣù, kí ọsibítù kọ̀ọ̀kan ka iye èèyàn tí tẹ́ẹ̀sì ní kò ní ibà àti iye tí wọ́n ṣì fún lóògùn ibà nínú wọn, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi táwa aláìsàn ti máa rí i kà.