Àgbẹ̀ kì í kọ pépà

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwòrán láti Google Scholar, ìkànnì tó ń ka iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ tọ́ka sí pépà ìwádìí ẹni nínú tiwọn, ló kún ojú ìwé mi lórí ayélujára. Ẹnì kan ti pé ẹgbẹ̀rún ìtọ́kasí, ẹlòmíràn ní h-index òun ti wọ 20 (ìyẹn ni pé ó ní ogún pépà tí wọ́n ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ìgbà ogún, ó kéré tán), gbogbo wa ń kọ "ẹ kú oríire, Prọ́fù" sábẹ́ rẹ̀. Mo bá wọn yọ̀ dénú. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí wọ́n gbé iye yẹn síwájú ìgbìmọ̀ ìgbéga ní yunifásítì, kí wọ́n ní òun ni yóò sọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wúlò.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́, kó má jìnnà sílé. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun kan wọ ilẹ̀ Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ó ń ba oko ẹ̀gẹ́ jẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn. Àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ níbí ní Ìbàdàn, tí Hans Herren ṣáájú wọn, kò gbára lé oògùn apakòkòrò. Agbọ́n tín-ín-tín kan ni wọ́n gbé wá láti Paraguay, èyí tó máa ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà, tí ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú wá síta. Ní 1981 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sóko ní Nàìjíríà. Ẹ̀gẹ́ yè. Herren gba World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé fún ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ní 1995. Àwọn onímọ̀ bíi tiwọn tọ́ka sí iṣẹ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá tó ń wọn gààrí ní Bódìjà ò mọ̀ pé agbọ́n kankan wà, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ yè kì í sì í kọ pépà. Àwọn tí iṣẹ́ yẹn ṣe lóore jù ni kò sí nínú iye ìtọ́kasí.

Eugene Garfield tó gbé àbá ètò ìtọ́kasí yìí kalẹ̀ nínú Science, jọ́nà tí àwọn onímọ̀ ti ń gbé ìwádìí wọn jáde, ní 1955, ohun tó ń wá ni ọ̀nà tí olùwádìí yóò fi mọ ẹni tó ti lo pépà kan, àti ẹni tó ti takò ó, kó má bàa gbé irọ́ pọ̀n. Ní tòde òní, àtakò gan-an ti di máàkì! Ìwádìí dókítà Andrew Wakefield tó jáde nínú jọ́nà ìṣègùn The Lancet ní 1998, tó fẹ́ so MMR, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń fún ọmọdé nítorí measles àti àrùn méjì mìíràn, mọ́ autism, ìṣòro ìdàgbàsókè ọpọlọ, jọ́nà náà fagi lé e ní 2010. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tọ́ka sí i ló ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Kọ̀ǹpútà ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ máàkì.

Àwọn tó ń tọ́ka sí ara wọn ńkọ́? Bí òde àríyá tí ẹbí kan ṣoṣo ti ń ná ara wọn lówó ni: náírà kan náà ló ń ti iwájú orí kan bọ́ sí òmíràn, síbẹ̀ ẹni tó dúró lókèèrè á ní owó wà lóde yìí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí wa. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn (UI) àti ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ ìlera àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn. Ní 2001, wọ́n kọ ọ́ sínú JAMA, jọ́nà ìṣègùn Amẹ́ríkà, pé àìsàn ìgbàgbé Alzheimer kò mú àwọn ará Ìdíkàn tó bó ṣe ń mú àwọn adúláwọ̀ Indianapolis. Ayé gbọ́. Ká ní Ìdíkàn àti Mọ́kọ́lá, àdúgbò Ìbàdàn méjì, ni wọ́n fi wéra ńkọ́? Ọ̀dọ́ tó gbọ́n mọ ìdáhùn, ìdí nìyẹn tó fi ń pa ìṣòro àdúgbò rẹ̀ tì, tó ń lọ kọ ohun tí ará òkè òkun máa tọ́ka sí.

Lójú tèmi, kí ẹni tó ń wá ipò mú pépà mẹ́ta tó fúnra rẹ̀ yàn wá. Kí ìgbìmọ̀ kà wọ́n tán, kí wọ́n bi í pé oko wo tàbí ilé ìwòsàn wo ló ń lò ó, tàbí ìmọ̀ wo ló là sí i. Wọ́n á ní ó máa gba àkókò. Kó gbà á.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti jókòó sí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ẹ dákun, pépà mélòó lẹ kà tán kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i?