"Ọ̀gá wà ní mítìn"

Kò sí ọ́fíìsì tí èèyàn máa wọ̀ ní Òṣogbo yìí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí wọn ò ní sọ fún un pé, "Ẹ jókòó ná, ọ̀gá wà ní mítìn." Ẹni tó ti Ìlá tàbí Ìkìrun wọkọ̀ wá, tó jẹ́ pé ìwé kan ṣoṣo ló fẹ́ kí wọ́n buwọ́ lù, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn á fi kan àtàrí. Èmi wà lára àwọn tó ń wà nínú yàrá mítìn ọ̀hún. Ká má parọ́, ohun tí à ń ṣe níbẹ̀ ò tó nǹkan.

Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ síwèé. Aago mẹ́sàn-án á kọjá dáadáa kí ọ̀gá tó dé, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wọn. Tí wọ́n bá dé, ká gba àdúrà Kìrìsìtẹ́nì, ká gba ti Mùsùlùmí. Mi ò bá àdúrà jà o, ìyẹn gan-an ló máa ń yá jù nínú gbogbo ẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá ló kàn. Akọ̀wé á kà á látòkè délẹ̀, àwa náà á wá máa tún un ṣe. Ẹnì kan á ní wọ́n ṣi orúkọ òun kọ. Ẹlòmíì á ní òun tọrọ àyè lọ́jọ́ náà, kí ló dé tí wọ́n fi kọ ọ́ pé òun pa ìpàdé jẹ? Ọ̀rọ̀ á di àríyànjiyàn. Ìgbà tá a bá parí ẹ̀ la ó wá wá ẹni tó máa dábàá pé ká gbà á wọlé, àti ẹni tó máa kín in lẹ́yìn.

Tá a bá wá kan ọ̀rọ̀ gan-an, ẹni tó bá dìde gbọ́dọ̀ kí ọ̀gá, kó kí igbákejì, kó kí gbogbo ilé. "Ohun tí mo fẹ́ sọ, wọ́n ti sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún un." Ló bá tún bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n sọ tán látìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 1957, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Parkinson fi irú wa ṣẹ̀fẹ̀. Ó sọ ìtàn ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n gbé iṣẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá pọ́n-ùn síwájú wọn, ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì ni. Ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ni wọ́n fi fọwọ́ sí i. Ó wá kan abà tí òṣìṣẹ́ á máa gbé kẹ̀kẹ́ sí, tówó rẹ̀ jẹ́ 350 pọ́n-ùn péré. Ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n fi fa èyí, lórí irú páànù tí wọ́n máa fi bò ó. Ta ló mọ bí átọ́míìkì ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú wọn? Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ò mọ páànù.

Epo jẹnẹrétọ̀ ni páànù tiwa. Wọ́n á gbé ètò ìnáwó ọdún tuntun wá, a ó ṣí i, a ó pa á dé, gbogbo wa á ní a fara mọ́ ọn. Kí wọ́n kàn dárúkọ epo báyìí, ooru á mú nínú yàrá. Ta ló ń fi jẹnẹrétọ̀ se omi tíì? Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn akáǹtì nìkan ni fáànù méjì ti ń yí?

Àwọn kan ní àròyé wa ló pọ̀ jù. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ti pinnu nílé kí wọ́n tó wá, gbogbo wa sì mọ̀. Ta ló fẹ́ dìde níwájú àgbà kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí ò lè ṣeé ṣe"? Ìdí ìyá olóúnjẹ la ti ń ṣe ìpàdé gidi. Ibẹ̀ ni akáǹtì ti máa sọ pé kò sówó tí wọ́n fẹ́ fi ṣe nǹkan ọ̀hún, tí dírẹ́bà á ní táyà ọkọ̀ ò lè gbé e dé Ilé-Ifẹ̀ pàápàá. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ló yẹ kí ọ̀gá gbọ́ láàárọ̀.

Ẹ wá wo ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹni tó bá pẹ́, owó ìtanràn. Ta ló fẹ́ yáwó? Ta ló máa dúró fún un? Ṣé a gbà àbí a ò gbà? Ó parí. Obìnrin tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù l'Ọ́jà Ọba kó tó wá mọ iye tí wákàtí kan ń ná òun. Ní ọ́fíìsì, àkókò ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì là ń ná.

Lójú tèmi, tí kò bá ti sí ìbéèrè kan pàtó tá a fẹ́ dáhùn, kí wọ́n má pe ìpàdé. Kí wọ́n kọ ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí wa kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. Láti 2004 ni Jeff Bezos, ẹni tó dá Amazon, ilé ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀, ti ní kí àwọn ọ̀gá àgbà níbẹ̀ dẹ́kun fífi PowerPoint sọ̀rọ̀ nípàdé: wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ojú ewé mẹ́fà ni wọ́n wá ń pè é, gbogbo wọn á sì kà á ní ìdákẹ́jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tó lanu. Mi ò ní ká kọ mẹ́fà o, ta ló fẹ́ kà á? Ojú ewé kan tó wa.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni pé kí ọ̀gá gbẹ̀yìn sọ̀rọ̀. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tó kéré jù. Agbẹjọ́-ẹnìkan-dá àgbà òṣìkà, Kábíyèsí pàápàá ń gbọ́ tẹnu ìjòyè kí wọ́n tó fọhùn.

Ní ti àkọsílẹ̀, kí akọ̀wé kọ ohun tá a fẹnu kò sí, orúkọ ẹni tó máa ṣe é àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí. Ta ló kí ta, ta ló dábàá, kí ló kàn wá?

Ìkéde lásán ò nílò ìpàdé rárá, ojú WhatsApp ti tó o. Àmọ́ ẹni tó ń darí gúrúùpù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tì í pa, kó jẹ́ pé òun nìkan ló lè kọ nǹkan síbẹ̀, nítorí àwọn tó ń fi àwòrán òdòdó kí wa kú ọ̀sẹ̀ tuntun ò ní jẹ́ ká rí ìkéde ọ̀hún.