Ta Ló Ní Kí Ẹ Sọ Bọ́tìnnì Di Ohun Ọ̀ṣọ́?

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo tẹ orúkọ ara mi láàárọ̀ yìí kó tó tọ̀nà. Orúkọ tí mo ti ń tẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ kọ̀ǹpútà lò! Kíbọ́ọ̀dù tuntun tí mo fowó gidi rà ló fà á. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ṣe é, ṣùgbọ́n mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

Róbótó ni gbogbo ìdérí bọ́tìnnì rẹ̀, bíi ti táípúráítà àtijọ́, wọ́n fi òrùka tó ń dán bí irin yí etí rẹ̀ po. Mo rí àwòrán rẹ̀, ó wọ̀ mí lójú, mo rà á. Àṣé ìyà ni mo fowó rà. Àyè tó wà láàárín bọ́tìnnì kan sí èkejì fẹ̀ débi pé bí ìka bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ó ti já sí kòtò nìyẹn. Orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, ìka ò ríbi jókòó sí. Ọwọ́ ń ro mí dé ọrùn ọwọ́.

Àwọn tó ṣe táípúráítà ò fi róbótó ṣoge o! Látìgbà tí Remington ti gbé ẹ̀rọ Sholes àti Glidden jáde ní Amẹ́ríkà ní 1874, orí ọ̀pá ni bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń wà, ìka sì gbọ́dọ̀ tì í wọlé jìnnà kí irin tó gbé lẹ́tà tó lè fò lu bébà. Nígbà tó yá, bébà pélébé ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí, wọ́n á fi gíláàsì bò ó kí ìka má baà nù ún kúrò, wọ́n á wá fi òrùka irin dè é mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ni òrùka yẹn ń ṣe. Tèmi yìí ò di nǹkan kan mú. Ike ni, wọ́n kàn kùn ún ní àwọ̀ irin ni.

Nígbà tí IBM, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, gbé táípúráítà Selectric jáde ní 1961, ìdérí rẹ̀ fẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ orí rẹ̀ wọnú díẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù Model M wọn ti 1985 náà rí bẹ́ẹ̀, àwọn kan ṣì ń lò ó dòní. Kòtò kékeré orí bọ́tìnnì yẹn, ọgbọ́n ńlá ni. Òun ló ń jẹ́ kí ìka mọ̀ pé àárín gan-an lòun wà, láìjẹ́ pé ojú wolẹ̀.

IBM kan náà ló tún ṣe kọ̀ǹpútà PCjr tí wọ́n kéde ní 1983. Bọ́tìnnì kéékèèké bíi ṣingọ́ọ̀mù, wọ́n jìnnà síra, lẹ́tà ò sì sí lórí wọn: ara kíbọ́ọ̀dù, lókè bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n kọ ọ́ sí. Àwọn èèyàn pariwo débi pé ní 1984, ilé iṣẹ́ náà fi kíbọ́ọ̀dù mìíràn pààrọ̀ rẹ̀ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún! Kí ló dé tí ẹnì kan tún jókòó lónìí, tó ya bọ́tìnnì síra bẹ́ẹ̀, tó sì ń tà á fún mi?

Bọ́tìnnì rọ́bà ti ZX Spectrum tí Sinclair ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1982, mo lè fojú fò ó. Wọ́n fẹ́ kí kọ̀ǹpútà náà pọ́ọ́kú. Tèmi ò pọ́ọ́kú.

Ẹ má sì sọ pé mo kórìíra ohun tó ṣàjèjì. Kíbọ́ọ̀dù Space Cadet tí wọ́n ṣe ní MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà, ní 1978 ní lẹ́tà Gíríìkì àti àmì ìṣirò lára ìdérí rẹ̀, kódà ó ní bọ́tìnnì àtàǹpàkò tó nàró àti èyí tó dorí kodò. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń lo ẹ̀rọ Lisp (kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe fún èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Lisp) ni wọ́n rò kí wọ́n tó ṣe é. Ta ni wọ́n rò kí wọ́n tó ṣe tèmi?

Èyí tó dùn mí jù ni pé kò sí ìlà kékeré tó máa ń yọ lórí F àti J, tí ìka fi ń mọ ibi tó wà láìwolẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò, bóyá torí pé ó ba òrùka wọn jẹ́! (Orí D àti K ni Apple ń fi tiwọn sí láyé àtijọ́, ìyẹn náà dáa, ìka ṣáà ti mọlé.) Báwo ni ẹni tí kò ríran ṣe fẹ́ lo nǹkan yìí?

Mo ní kí n kúkú fi ìdérí mìíràn rọ́pò. Ṣùgbọ́n ibi tí ìdérí ti ń wọ ara kíbọ́ọ̀dù yìí ò rí bí àgbélébùú tí èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ń lò, bọ́tìnnì gbọọrọ ìsàlẹ̀ sì kúrú ju ti gbogbo ayé lọ. Oṣù méjì péré, lẹ́tà A àti E ti ń pa rẹ́, torí ojú ike lásán ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ike aláwọ̀ méjì ṣe ìdérí, ọ̀kan fún lẹ́tà, èkejì fún ara rẹ̀, tí lẹ́tà ò sì ní pa rẹ́ láé.

Mo ti yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà mi. Kíbọ́ọ̀dù mi àtijọ́, tí ara rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ni mo fi tẹ gbogbo èyí.