Aṣálẹ̀ inú fíìmù kọ́bọ̀ì yẹn kì í ṣe ti Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ya "The Good, the Bad and the Ugly". Ẹni tó bá rí Clint Eastwood lórí ẹṣin, tí eruku ń sọ lálá lẹ́yìn rẹ̀, kò ní ronú kan ibòmíràn. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Sípéènì ni wọ́n ti ya èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní 1966, ní agbègbè Almería àti Burgos. Ọmọ Róòmù ni Tonino Delli Colli tó ṣe kòkárí kámẹ́rà àti iná, ọmọ Róòmù náà ni Sergio Leone tó darí rẹ̀.

Itẹ́ òkú tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta inú fíìmù náà ti kojú ara wọn níparí ńkọ́? Àwọn sójà Sípéènì ló kó sàárè ayédèrú tó lé ní 5,000 jọ síbẹ̀. Àwọn náà ló kọ́ afárá tó bú gbàmù. Ọ̀gá sójà tí wọ́n ní kó fọ́ ọ ṣi àmì gbọ́, afárá ti wó kí kámẹ́rà tó ṣíṣẹ́, ni wọ́n bá tún un kọ́.

Ohun tó wú mi lórí jù ni bí àwòrán náà ṣe fẹ̀. Ọgbọ́n ìṣọ́wó-ná ló wà nídìí rẹ̀. Ọ̀nà ìyàwòrán tí wọ́n ń pè ní Techniscope ni wọ́n lò: gígùn ihò méjì péré, nínú àwọn ihò tó wà létí fíìmù, ni àwòrán kọ̀ọ̀kan ń gbà, dípò mẹ́rin, nítorí náà ìdajì fíìmù ni wọ́n ń ná. Lẹ́ǹsì rẹ̀ sì máa ń jẹ́ kí ojú ẹni tó wà nítòsí àti òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán hàn kedere pa pọ̀. Delli Colli mọ̀ ọ́n lò dáadáa.

Lóòótọ́, nígbà tí Leone àti Delli Colli ń ya fíìmù kọ́bọ̀ì mìíràn, "Once Upon a Time in the West", ní 1968, wọ́n dé Monument Valley ní Amẹ́ríkà fún ìran díẹ̀. Ìyókù, Sípéènì àti Ítálì ni.

Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá pe Delli Colli ní ayàwòrán kọ́bọ̀ì lásán. 1938 ló wọ Cinecittà, ilé iṣẹ́ fíìmù ńlá tó wà ní Róòmù, ọmọdé ni nígbà náà. Òun ló ya "Totò a colori" ní 1952, ọ̀kan lára àwọn fíìmù aláwọ̀ àkọ́kọ́ ní Ítálì. Nígbà tí Pasolini, olùdarí fíìmù ọmọ Ítálì, fẹ́ ṣe fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, "Accattone", ní 1961, Delli Colli ló dúró tì í. Òun náà ló bá Fellini, olùdarí ọmọ Ítálì mìíràn, ya fíìmù tí Fellini ṣe kẹ́yìn ní 1990. Fíìmù tí Delli Colli fúnra rẹ̀ fi kásẹ̀ iṣẹ́ nílẹ̀ ni "La vita è bella", ní 1997.