Àtúnṣe: Ali Daei gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù, kò sì kó Iran lọ sí Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2010

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé Ali Daei, agbábọ́ọ̀lù Iran tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, kò kúrò ní Éṣíà rí, pé orílẹ̀-èdè kéékèèké nìkan ló ń gbá góòlù wọlé sí, àti pé òun ló kó Iran lọ sí Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2010. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Arminia Bielefeld ní Jámánì ló gbà á ní 1997. Ó dé Bayern Munich, lẹ́yìn náà Hertha Berlin. Góòlù méjèèjì tí Hertha fi na Chelsea ní 2-1 nínú Champions League, ní oṣù Kẹsàn-án 1999, òun ló gbá a. Lóòótọ́ ló gbá mẹ́rin wọlé Laos ní 2004. Àmọ́ mẹ́rin náà ló gbá wọlé South Korea nínú Ife Éṣíà 1996, tí Iran fi borí ní 6-2. Ta ló máa pe Korea ní kékeré?

Saipa, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Iran, ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, wọ́n sì gba líìgì Iran ní 2006-07. Ó gba ikọ̀ Iran ní 2008, ṣùgbọ́n nígbà tí Saudi Arabia nà wọ́n ní 2-1 ní Tehran, ní oṣù Kẹta 2009, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Korea méjèèjì, South àti North, ló yege láti ìsọ̀rí wọn lọ sí Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2010.

Ẹ wo orúkọ orílẹ̀-èdè 32 tó lọ sí South Africa lórí ìkànnì FIFA. Iran kò sí níbẹ̀. RSSSF, ìkànnì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ bọ́ọ̀lù, náà to góòlù Daei fún Iran lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ bá ti fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí.